Ọjọ́ Tí A Kọ Sórí Ètò: Ìtàn Àtúnyẹ̀wò Ìrànwọ́ fún Àwọn Tó Ní Ìpèníjà Ara ní Ọsirélíà

Ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ẹnikẹ́ni tí ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ rẹ̀ bá le débi tí ó fi wọ inú ètò ìrànwọ́ ńlá tí ìjọba ibẹ̀ ń náwó sí máa ń gba ìwé kan tí òfin pè ní ètò, èyí tí ó sọ ohun tí ẹni náà fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe, irú ìrànlọ́wọ́ tí yóò rí gbà, iye owó tí ìjọba yóò san lé e lórí, àti ìgbà tí wọn yóò tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò. Nínú ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, ọjọ́ àtúnyẹ̀wò ni ó kéré jù lójú, síbẹ̀ òun ni ó ti dá awuyewuye tó pọ̀ sílẹ̀ láàrin àwọn tó ń gba ìrànwọ́ àti àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀. Àròkọ yìí tọpasẹ̀ ọjọ́ náà, láti mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá, ìdí tí ó fi gba agbára tó bẹ́ẹ̀, àti bí àwọn aṣòfin ṣe ń tún un ṣe.

Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé ìbéèrè méjì tí kò jọra ni ìjọba ti so mọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Èkíní ni bí ìgbé ayé ẹni náà ṣe rí báyìí, ohun tó ti yí padà nínú rẹ̀, àti ohun tó yẹ kí ìrànwọ́ ṣe sí i. Èkejì ni bóyá ó ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó ń gbà, àti bóyá owó tó ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lè dín kù. Ìtọ́jú ni ìbéèrè èkíní dá lé, àpò ìjọba ni èkejì dá lé, àwọn méjèèjì sì ní ìdí tiwọn. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí èkejì bá ti bo èkíní mọ́lẹ̀, ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ ti ìfikùnlukùn a máa di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, níbi tí ẹni tí ara rẹ̀ kò lè padà bọ̀ sípò yóò ti máa fi ẹ̀rí hàn lẹ́ẹ̀kan sí i pé kò tíì bọ̀ sípò.

Òfin 1908 àti ẹ̀rí dókítà

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wà nínú òfin owó ìrànwọ́ fún àwọn arúgbó àti àwọn aláìlera tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ṣe ní 1908, ọdún 7 lẹ́yìn tí àwọn ilẹ̀ mẹ́fà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso níbẹ̀ para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan. Owó àwọn arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1909, ti àwọn aláìlera sì tẹ̀ lé e ní ìparí 1910. Ṣáájú àkókò yìí, ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ náà, ẹni tí kò bá lè ṣiṣẹ́ nítorí ìpèníjà ara ń gbára lé ẹbí rẹ̀, tàbí ẹgbẹ́ aláàánú, tàbí ilé ìtọ́jú àwọn aláìní, nítorí náà ìgbésẹ̀ ńlá ni òfin náà: ó sọ ìrànwọ́ di ẹ̀tọ́ tí a kọ sílẹ̀, kì í ṣe àánú tí olówó lè ṣe lónìí kó sì dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà ní ẹnubodè. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á ní láti jẹ́ ẹni tí àìlera ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ títí láé, ẹ̀rí dókítà ni yóò sì fi gbe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, wọ́n sì tún ń wò ó bóyá àwọn ìbátan rẹ̀ lágbára láti bọ́ ọ.

Ẹnubodè mìíràn tún wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú àìlera rárá. Òfin náà yọ àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà sílẹ̀, ó yọ àwọn ọmọ onílẹ̀ Áfíríkà, ti àwọn erékùṣù Pàsífíìkì àti ti New Zealand sílẹ̀, ó sì yọ àwọn ará Éṣíà tí a kò bí sí Ọsirélíà sílẹ̀ pẹ̀lú. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ká ìfòfindè yìí kúrò, ó sì di 1966 kí èyí tó kẹ́yìn nínú àwọn ìdènà tó wà fún àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà tó kúrò nínú òfin. Ó yẹ kí a rántí èyí, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìjọba ti mú ìpinnu méjì dání pọ̀, ìyẹn ta ni ó nílò ìrànwọ́ àti ta ni ó yẹ fún un, kò sì sí ìgbà kan tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an fi jókòó nídìí ìpinnu náà.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìwọ̀n ni wọ́n ń yí padà, kì í ṣe ìlànà. Ní 1941, wọ́n gbà pé ẹni tí àìlera bá ti gba ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún agbára iṣẹ́ rẹ̀ ni a lè kà sí ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ní 1991, wọ́n pa orúkọ owó náà dà, wọ́n sì gbé àtẹ ìdíwọ̀n kan kalẹ̀, nínú èyí tí àìlera kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀, tí ẹni tó bá fẹ́ gba owó sì ní láti ní máàkì 20 ó kéré tán. Ara ni wọ́n ń wọ̀n, iṣẹ́ ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ohun tí ẹni náà fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe, ibi tí ó fẹ́ gbé, àti ẹni tí ó fẹ́ kó máa ràn án lọ́wọ́ kò sí nínú fọ́ọ̀mù.

Ìrànwọ́ tí kò ní orúkọ ẹnì kan lórí

Owó oúnjẹ ni òfin 1908 pèsè, kò pèsè ọwọ́ tí yóò gbé ènìyàn dìde lórí ibùsùn. Iṣẹ́ yẹn bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹbí, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú àti àwọn ilé ìtọ́jú ńlá tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń ṣàkóso. Ọ̀kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Kew Cottages ní Melbourne, tí wọ́n ṣí ní 1887 fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò gbé bíi ti ẹgbẹ́ wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dàgbà, tí wọ́n darúgbó síbẹ̀. Ní 1996, iná jó níbẹ̀, ó sì pa ọkùnrin 9. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òbí tí kò fẹ́ fi ọmọ wọn sí irú ilé bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, bí èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sydney ní 1945 fún àwọn ọmọ tí ìpalára ọpọlọ kò jẹ́ kí iṣan ara wọn ṣe déédéé. Ní 1974, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó fi ń fún irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lówó, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni owó náà ń lọ bá, ẹgbẹ́ náà ni yóò sì pinnu ẹni tí yóò gbà wọlé. Níbi tí kò ti sí owó tí a ya sọ́tọ̀ ní orúkọ ẹnì kan, kò lè sí ètò ẹnì kan, kò sì lè sí àtúnyẹ̀wò rẹ̀. Ohun tó wà ni orúkọ gígùn àwọn tó ń dúró de àyè.

Ní ọdún 1974 yìí kan náà, ọ̀nà mìíràn fẹ́ là. Owen Woodhouse, adájọ́ ọmọ New Zealand tí ìmọ̀ràn rẹ̀ ti mú kí orílẹ̀-èdè tirẹ̀ dá ètò kan sílẹ̀ tó ń tọ́jú gbogbo ẹni tó bá fara pa nínú ìjàǹbá láìbéèrè ẹni tó jẹ̀bi, gba ìjọba Gough Whitlam ní Ọsirélíà nímọ̀ràn láti ṣe irú rẹ̀, kí ó sì na apá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí àìsàn tàbí ìbí sọ di aláìlera. Àbá òfin náà ti wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin, ṣùgbọ́n nígbà tí Gómìnà Àgbà yọ Whitlam nípò ní oṣù Kọkànlá 1975, àbá náà bá ìjọba rẹ̀ lọ. Fún bí ogójì ọdún sí i, ohun tó ṣe ènìyàn lẹ́ṣe ni yóò máa pinnu ìtọ́jú tí yóò rí: ẹni tí mọ́tò gbá lè rí owó adójútòfò gbà, ẹni tí a bí pẹ̀lú irú àìlera kan náà yóò sì máa dúró lórí ìlà.

Àyípadà tó wà pẹ́ títí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn fúnra wọn. Ọdún 1981, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ní ìpèníjà ara, fún wọn ní ohùn. Ní 1986, òfin tuntun kan sọ ọ́ di ìlànà pé ohun tí ẹni náà nílò ni kí iṣẹ́ ìrànwọ́ máa tẹ̀ lé. Ní 1988, ní ìlú Albany ní Western Australia, ìjọba ìpínlẹ̀ yan àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbé láàrin ìlú, tí wọ́n mọ àwọn ẹbí, tí wọ́n sì lè bá wọn wá ìrànwọ́ tó bá ìgbé ayé wọn mu. Nínú irú ètò yìí, ẹni tó mọ ilé ni ó ń bi onílé bí nǹkan ti rí. Ṣùgbọ́n ibi kéékèèké ni èyí dé. Àdéhùn 1991 láàrin ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ pín iṣẹ́ náà sí méjì, ti ìgbanisíṣẹ́ fún ìjọba àpapọ̀, ti ilé gbígbé àti ìtọ́jú fún ìpínlẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó bá kó láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn lè pàdánù ohun tó ní.

Ìlérí adójútòfò

Ní oṣù Kẹrin 2008, nígbà tí ìjọba Kevin Rudd pe àpérò ńlá kan lórí ọjọ́ ọ̀la orílẹ̀-èdè náà, Bruce Bonyhady, onímọ̀ ìṣúná owó tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìpèníjà ara, wà lára àwọn tó gbé àbá kan kalẹ̀ níbẹ̀: kí a ṣíwọ́ wíwo ìrànwọ́ bí ìtọrẹ, kí a sọ ọ́ di adójútòfò, ìyẹn owó tí gbogbo ènìyàn dá jọ ṣáájú nítorí ewu tó lè bá ẹnikẹ́ni, èyí tí yóò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ewu bá láìjẹ́ pé ó tún ń bẹ̀bẹ̀. Bill Shorten, tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ nínú ìjọba nígbà náà, gbé àbá náà lárugẹ. Ní ọdún 2008 yìí kan náà, Ọsirélíà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara.

Àjọ Productivity Commission, tí ń ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ ajé fún ìjọba, gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2011, ó sì sọ ọ́ gbangba pé owó ètò tó wà nílẹ̀ kò tó, pé kò sí ìdọ́gba nínú rẹ̀, pé ó fọ́n ká, kò sì ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ó dábàá ètò kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè tí yóò fún nǹkan bí ènìyàn 410,000 ní owó ìrànwọ́ tirẹ̀, ó sì ṣí i payá pé iye tí ìjọba ń ná yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Àwọn tó ní ìpèníjà ara, àwọn ẹbí wọn àti àwọn tó ń tọ́jú wọn jáde ní ọ̀pọ̀ ìlú láti ti àbá náà lẹ́yìn. Ní oṣù Kẹta 2013, lábẹ́ ìjọba Julia Gillard, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí òfin tó dá ètò adójútòfò orílẹ̀-èdè fún àwọn tó ní ìpèníjà ara sílẹ̀, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí NDIS. Láti 2014, wọ́n sún owó ìlera tí wọ́n ń yọ lára owó tó ń wọlé fún ènìyàn láti ìdá 1.5 sí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún láti kún àpò rẹ̀. Oṣù Keje 2013 ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀, ní agbègbè Hunter ní New South Wales, ní Barwon ní Victoria, láàrin àwọn ọmọdé ní South Australia, àti láàrin àwọn ọ̀dọ́ ẹni ọdún 15 sí 24 ní Tasmania.

Ohun tí òfin 2013 kọ sílẹ̀

Ètò tí òfin yìí ní kí a ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní apá méjì. Apá àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni náà fúnra rẹ̀, níbi tí yóò ti sọ bí ó ṣe ń gbé, àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀, àti ohun tó fẹ́ lé bá. Apá kejì jẹ́ àkọsílẹ̀ ìrànwọ́ tí àjọ NDIA, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ètò náà láti ìlú Geelong, bá fọwọ́ sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, owó inú rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ẹni náà ń ná lórí ìtọ́jú òòjọ́, bíi wíwẹ̀, wíwọṣọ àti jíjáde; èyí tó wà fún kíkọ́ àti mímú agbára rẹ̀ gbòòrò; àti èyí tó wà fún ohun èlò ńlá bí àga onítáyà tàbí àtúnṣe ilé. Ó lè yàn láti máa ṣàkóso owó náà fúnra rẹ̀, tàbí kí alágbàṣe kan máa bá a san án, tàbí kí àjọ náà máa san án tààrà fún àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀.

Abala 34 òfin náà ni ó gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀. Ìrànwọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó bọ́gbọ́n mu tó sì pọn dandan: kí ó ran ẹni náà lọ́wọ́ láti lé ohun tó ń lé bá, kí ó jẹ́ kó lè kópa láwùjọ, kí èrè rẹ̀ tó owó tí a ná sí i, kí ó sì ti wo ohun tó tọ́ kí ẹbí, olùtọ́jú àti ará àdúgbò máa ṣe fún un. Níbí yìí ni ohùn 1908 ti tún jáde, nítorí ìbéèrè nípa agbára àwọn ìbátan, tí òfin àtijọ́ fi ń yọ ènìyàn sílẹ̀, padà wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba yóò gbé yẹ̀ wò kó tó fọwọ́ sí wákàtí ìtọ́jú.

Ní ti àtúnyẹ̀wò, abala 33 sọ pé kí ètò kọ̀ọ̀kan sọ ọjọ́ tí àjọ náà gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò, tàbí irú ìṣẹ̀lẹ̀ tí yóò mú kí ó tún un yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ kékeré náà, tàbí, ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú ìtàn yìí, nítorí ó fàyè sílẹ̀ fún ètò tí kò ní dúró de kàlẹ́ńdà, bí kò ṣe pé kí ọmọ wọ ilé ìwé, kí ìyá tó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn, tàbí kí ìpèníjà náà le sí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ni àjọ náà yàn, ọdún kan sì ni ó sábà máa ń fi sí i. Abala 48 fún ẹni tó ni ètò láǹfààní láti béèrè àtúnyẹ̀wò nígbàkigbà. Ọjọ́ 14 ni àjọ náà ní láti dá a lóhùn, bí ọjọ́ náà bá sì kọjá láìsí èsì, òfin kà á sí pé àjọ náà ti kọ̀. Ẹni tí ìpinnu kò bá tẹ́ lọ́rùn lè béèrè láàrin oṣù mẹ́ta pé kí òṣìṣẹ́ mìíràn nínú àjọ náà tún ìpinnu náà gbé yẹ̀ wò lábẹ́ abala 100, ṣùgbọ́n òfin kò dá ọjọ́ kan pàtó fún èsì èyí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó tó lè gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìpinnu ìjọba wò, tí wọ́n ń pè ní AAT nígbà náà. Orúkọ kan náà ni òfin fi pe ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì béèrè ọ̀kan níbi tí òmíràn ti yẹ.

Ìyára àti ohun tí ó ná àwọn ènìyàn

Láti oṣù Keje 2016 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tan ètò náà ká gbogbo orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú èrò pé nǹkan bí 460,000 ènìyàn yóò ti wọlé láàrin ọdún díẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ti bá ìjọba àpapọ̀ ṣàdéhùn lórí iye tí yóò wọlé ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń sáré láti bá iye náà. Ní 2017, àjọ Productivity Commission, tí ó dá ètò náà lábàá, kìlọ̀ pé ìyára yìí ń ba bí ètò ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde jẹ́: orí tẹlifóònù ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìjíròrò tí àwọn ń ṣe ni yóò pinnu ìrànwọ́ ọdún kan. Ètò tí a ṣe ní ìkánjú kì í pẹ́ tí yóò fi béèrè àtúnyẹ̀wò, àtúnyẹ̀wò sì ń gba àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kó máa ṣe ètò tuntun. Báyìí ni ìkánjú ṣe bí ìdádúró.

Ní ọdún 2017 yìí náà ni Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Victoria ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ àti ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àjọ náà sì gbà láti san apá kan owó ọkọ̀ rẹ̀, kí ẹbí rẹ̀ wá ìyókù. Adájọ́ Debra Mortimer dájọ́ pé bí ìrànwọ́ kan bá ti bọ́gbọ́n mu tó sì pọn dandan lójú òfin, odindi ni kí àjọ náà san án, kò lè gé e sí wẹ́wẹ́. Ìdájọ́ yìí fi ẹsẹ̀ ìlérí adójútòfò múlẹ̀, nítorí ó sọ pé ohun tí ènìyàn nílò ni yóò sọ iye owó, kì í ṣe owó tó wà nílẹ̀ ni yóò sọ ohun tí ó nílò.

Ní oṣù Karùn-ún 2018, Ombudsman àpapọ̀, ìyẹn òṣìṣẹ́ àgbà tí òfin yàn láti máa gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú lórí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba, gbé ìròyìn jáde lórí àtúnyẹ̀wò nìkan. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀sùn tó gbà lórí àjọ NDIA ni ó dá lórí rẹ̀. Ó rí i pé àwọn kan dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, pé àjọ náà kì í sábà jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìbéèrè wọn ti dé ọwọ́ rẹ̀, àti pé ètò tuntun lè jáde kí wọ́n tó dáhùn ẹ̀hónú lórí èyí tó wà nílẹ̀, tí ẹ̀hónú náà yóò sì di òfo, tí ẹni náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Ìbẹ̀rù tí irú ipò bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀ yé ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí àtúnyẹ̀wò ṣe ń lọ. Bí ọjọ́ bá ti ń sún mọ́lé, ẹni náà tàbí ẹbí rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ láti ọ̀dọ̀ dókítà, láti ọ̀dọ̀ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó ń wo bí ó ṣe ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́, àti láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí kò lè ṣe, nítorí ohun tó lè ṣe lè di ìdí láti dín owó rẹ̀ kù. Ọmọ tó kọ́ bí a ṣe ń jẹun fúnra ẹni nítorí pé ìrànwọ́ dé lè pàdánù ìrànwọ́ náà nítorí pé ó kọ́ ọ. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n yẹ ohun kan ṣoṣo wò, bí àga onítáyà tó ti kéré jù fún un, ń ṣí gbogbo ètò rẹ̀ sílẹ̀, ètò tuntun sì lè kéré sí ti àtijọ́. Láìsí àní-àní, àtúnyẹ̀wò tún ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn láǹfààní, nítorí ọmọ ń dàgbà, òbí ń darúgbó, ara sì ń yí padà. Èyí gan-an ni ó jẹ́ kí ó dunni pé ẹni tó nílò rẹ̀ jù lọ lè máa sá fún un.

Àtúnṣe lórí àtúnṣe

Ní ìparí 2019, David Tune, òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, parí ìwádìí lórí òfin náà, ó sì dá àbá 29. Láti inú rẹ̀ ni òfin 2022 ti jáde, èyí tó fún àwọn ọ̀nà mẹ́ta àtijọ́ ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó fàyè gba àtúnṣe kékeré lórí ètò láìtú gbogbo rẹ̀ ká, tó sì fi ọjọ́ sí iṣẹ́ àjọ náà, tí ẹni tó fi ẹ̀hónú hàn fi lè retí èsì láàrin ọjọ́ 60. Òfin náà tún mú un dájú pé ẹjọ́ tó wà níwájú ìgbìmọ̀ kò ní kú nítorí pé ètò tuntun jáde.

Ṣùgbọ́n nínú ìròyìn Tune kan náà ni ìjọba ti mú àbá mìíràn tó dá ìjà ńlá sílẹ̀. Ní 2020, Mínísítà Stuart Robert kéde pé àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tí ìjọba gbà síṣẹ́ ni yóò máa yẹ ènìyàn wò, láàrin wákàtí mélòó kan, pẹ̀lú ìbéèrè tó jọra fún gbogbo ènìyàn. Ìjọba ní ìdọ́gba ni òun ń wá, nítorí ẹni tó lówó láti gba ìwé ẹ̀rí púpọ̀ ń rí ètò tó dára ju ti ẹni tí kò ní lọ, òótọ́ sì wà nínú èyí. Àwọn ẹgbẹ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara dáhùn pé àlejò kò lè fi wákàtí mélòó kan rí ohun tí dókítà tó ti ń tọ́jú ẹnì kan láti ọdún pípẹ́ rí. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Ohun tí wọ́n ń sọ gan-an nìyí. Ní oṣù Keje 2021, nígbà tí àwọn mínísítà ìpínlẹ̀ kọ̀ láti tì í lẹ́yìn, Mínísítà Linda Reynolds, tó gba ipò lọ́wọ́ Robert, kéde pé àbá náà kò ní tẹ̀ síwájú.

Láàrin àkókò yìí, àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà kọ́ ìjọba ní ẹ̀kọ́ tí kò wá. Ní 2020, nítorí pé ìpàdé ojúkojú kò ṣeé ṣe, àjọ náà jẹ́ kí ètò máa gùn sí i, títí dé oṣù 24 fún àwọn mìíràn, NDIS kò sì wó. Síbẹ̀, nígbà tí Bill Shorten padà dé gẹ́gẹ́ bí mínísítà ní 2022, ẹjọ́ tó lé ní 4,000 ló wà níwájú ìgbìmọ̀ AAT, níbi tí ẹbí tí kò ní agbẹjọ́rò ti ń dojú kọ àwọn agbẹjọ́rò tí ìjọba ń sanwó fún. Ó dá ọ̀nà ìyanjú sílẹ̀ láti dín wọn kù, Kurt Fearnley, gbajúgbajà eléré ìdárayá tó ń lo àga onítáyà, sì di alága àjọ NDIA.

Ní ọdún 2023, ìròyìn ńlá méjì jáde. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Adájọ́ Ronald Sackville darí parí iṣẹ́ tó lé ní ọdún mẹ́rin lórí ìwà ipá àti ìpatì tí àwọn tó ní ìpèníjà ara ń rí, ó sì dá àbá 222. Ìgbìmọ̀ tí Bonyhady fúnra rẹ̀ àti Lisa Paul darí sì gbé àbá 26 jáde ní oṣù Kejìlá lórí NDIS. Ìgbìmọ̀ kejì yìí fẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ gbogbo ohun tí ẹnì kan nílò, kí a sì fún un ní àpapọ̀ owó tí yóò ná bó ṣe fẹ́, dípò ká máa ka ìrànwọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún náà, àwọn olórí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ti fẹnu kò pé kí owó tí ètò náà ń gbà má ṣe máa pọ̀ sí i ju ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dọọdún tó bá fi máa di 2026, nítorí owó náà ti ń lọ sí bílíọ̀nù 40 dọ́là Ọsirélíà lọ́dún. Òfin tó jáde ní 2024 gbé ẹrù méjèèjì. Ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àyẹ̀wò àìní tuntun, ó kọ ohun tí owó náà lè rà àti èyí tí kò lè rà sílẹ̀, ó sì fàyè gbà á pé kí owó ètò máa jáde ní ìpín ìpín, tí ó fi jẹ́ pé láti oṣù Karùn-ún 2025, ọ̀pọ̀ ètò tuntun ń gba owó wọn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nígbà náà, iye àwọn tó wà nínú ètò náà ti lé ní 700,000.

Ohun tí ìtàn náà fi kọ́ni

Bí a bá to àwọn ọdún wọ̀nyí tẹ̀ lé ara wọn, a ó rí i pé àtúnṣe kọ̀ọ̀kan tún ìlànà ṣe, ṣùgbọ́n ó fi ìbéèrè méjèèjì sílẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Dókítà 1910, àtẹ máàkì 1991, tẹlifóònù 2016, àyẹ̀wò àlejò tí wọ́n pa tì ní 2021 àti àyẹ̀wò àìní tí òfin 2024 gbé dé: gbogbo wọn ń wá òṣùwọ̀n tí kò ní ṣe ojúsàájú, kò sì sí ẹni tó lè bá ìjọba wí nítorí ìyẹn, nítorí owó ará ìlú ni owó náà, ẹni tí kò tíì wọlé náà sì ní ẹ̀tọ́ sí i. Àṣìṣe tó ń padà wá ni pé wọ́n ń gbé òṣùwọ̀n náà sí ọwọ́ ọjọ́ kan náà tó yẹ kí ẹni tó ní ìpèníjà ara lè sọ òótọ́ nípa ìgbé ayé rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun lè gba wákàtí ìtọ́jú lọ́wọ́ òun kò ní sọ nípa ìlọsíwájú rẹ̀, ìjọba náà kò sì ní mọ bóyá owó tó ń ná ń ṣe iṣẹ́ tí ó torí rẹ̀ ná an.

Àtúnṣe èyí kò nílò ọgbọ́n tuntun. Òfin 2013 ti sọ pé ọjọ́ tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ ni kí àtúnyẹ̀wò máa tẹ̀ lé, ọdún àjàkálẹ̀ àrùn sì ti fi hàn pé ètò lè gùn láìsí ìparun. Bí ìpèníjà bá jẹ́ ti ayérayé gẹ́gẹ́ bí òfin náà fúnra rẹ̀ ti béèrè kí ènìyàn tó wọlé, ẹ̀rí rẹ̀ yẹ kó dúró fún ìgbà pípẹ́. Kí àtúnyẹ̀wò wáyé nígbà tí ayé ẹni náà bá yí padà, tàbí nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá béèrè fún un. Kí àyẹ̀wò owó sì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, tí a ń ṣe lórí àwọn tó ń ta ìrànwọ́ àti lórí ètò náà lápapọ̀, kì í ṣe lórí ara ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọdọọdún. Ohun tí àwọn tó jà fún ètò náà ní 2011 béèrè ni ìfọ̀kànbalẹ̀ pé ìrànwọ́ ọ̀la kò ní jẹ́ ẹ̀bẹ̀. Títí di ìgbà tí ọjọ́ àtúnyẹ̀wò bá tó bá ìlérí yẹn mu, iṣẹ́ tí òfin 2013 bẹ̀rẹ̀ kò tíì parí.